Níbo ni àkókò tíṣà ń lọ? Àlàyé fún òbí lórí iṣẹ́ tí kì í ṣe ìkọ́ni

Bí òbí kan bá yà sí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, tó bá kíláàsì láìsí tíṣà níbẹ̀, tí mọ́nítọ̀ ń kọ nóòtì sójú pátákó, tí àwọn ọmọ yòókù ń dà á kọ, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé tíṣà ti sá níṣẹ́. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Àwọn tíṣà tó ń sá níṣẹ́ wà, n kò sì ní gbè wọ́n. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tíṣà yẹn wà nínú ọgbà ilé-ìwé, kò jókòó lásán, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ó lè wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá, kó máa kún fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yẹn, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà á kó tó di aago méjìlá. Ó lè wà lẹ́nu géètì, kó máa bá ìyá ọmọ kan sọ̀rọ̀ owó. Ó sì lè wà lẹ́yìn ọ̀kadà, kó máa gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀.

Ohun tó ń dojú ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé "iṣẹ́ tíṣà" la máa ń pe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ṣàlàyé ìṣirò lójú pátákó, iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe. Ẹni tó ń gba owó ìdánwò, iṣẹ́ tíṣà náà ni. Ẹni tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Bí a kò bá tú u palẹ̀, a ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti tíṣà lóòótọ́ àti èyí tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ín. Mo fẹ́ tú u palẹ̀ níbí, torí ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ yìí ló wúlò, tí ó sì yẹ kí ẹnì kan máa ṣe é, àmọ́ wọn ò gba ẹni náà síṣẹ́. Àkókò ẹ̀kọ́ ọmọ wa ni wọ́n fi ń dí àyè rẹ̀.

Èkìtì ni mo ń sọ, níbi tí a ti ń fi ìwé kíkà yangàn láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó kù. Ìran méjì tàbí mẹ́ta ti kọjá ní Christ's School, Adó-Èkìtì, láti ọdún 1933 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, a sì tún máa ń ka iye ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ìlú kọ̀ọ̀kan jáde bí ẹni ń ka oyè. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ bí tíṣà ṣe ń lo wákàtí rẹ̀ ká wa lára ju bó ṣe ń ká ẹnikẹ́ni lára lọ.

Iṣẹ́ tí ojú òbí kò tó, àmọ́ tó jẹ́ ara ìkọ́ni

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ohun kan kúrò nínú àríyànjiyàn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí tíṣà kò bá dúró níwájú ọmọ ló ń ṣe iṣẹ́ àfikún. Nóòtì ìkọ́ni tó ń kọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ibi tó ti máa sọ ohun tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, ohun èlò tó máa lò, bó ṣe máa gbé e kalẹ̀ ní ìpele-ìpele àti ìbéèrè tó máa fi mọ̀ bóyá ó wọlé, ara ìkọ́ni ni. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì náà, ara ìkọ́ni ni.

Àwọn tó ń sọ pé aago méjì ọ̀sán ni tíṣà ń ṣíwọ́ kò tíì jókòó ṣe ìṣirò máàkì rí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé kí ọmọ inú kíláàsì kan má ju 35 lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó má sì ju 40 lọ ní girama. Ẹ jẹ́ ká gbà pé wọ́n tẹ̀ lé e. Tíṣà Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ní kíláàsì márùn-ún, ọmọ 200 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fún wọn ní àròkọ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, tó sì lo ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́wàá nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò sì tó láti ka àròkọ ọmọ kan, kéèyàn ṣe àtúnṣe rẹ̀, kó kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sí i. Ilé ló ti ń ṣe wákàtí mẹ́wàá yẹn, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí àròkọ ọmọ yín bá padà wálé pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo nísàlẹ̀, láìsí àlàyé kankan, ohun tó fà á nìyẹn.

Iṣẹ́ yìí wúwo, àmọ́ kò sí ẹni tó lè bá tíṣà ṣe é. Ẹni tó kọ́ ọmọ ló mọ ibi tó ti ṣì í gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ dín ẹrù tíṣà kù, ibí kọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó wá àyè fún un láàárín wákàtí iṣẹ́ ni.

Rẹ́jísítà àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀

Rẹ́jísítà ni ìwé tí tíṣà ń fi pe orúkọ. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé orúkọ ni wọ́n ń pè lásán, tí àwọn ọmọ ń dáhùn. Ẹ wo bó ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń sàmì sí i, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Fún ọmọ tó wá, wọ́n á fa ìlà kékeré kan sínú àpótí rẹ̀. Fún èyí tí kò wá, wọ́n á kọ òdo. Tíṣà á ka iye tó wá, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, á ṣírò iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá, iye ìgbà tí ilé-ìwé ṣí, àti àròpín fún gbogbo kíláàsì. Àròpọ̀ tó lọ sí ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ mu. Bí kò bá bá a mu, á tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìwé òfin ni, wọn kì í fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀.

Ká sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láàárọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 75 ni. Ní táàmù ọlọ́sẹ̀ 12, wákàtí 15 ni, láìtíì ka àròpọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mi ò sọ pé kí wọ́n pa rẹ́jísítà tì o. Òun ló ń sọ fún wa pé ọmọ kan ti dẹ́kun wíwá sílé-ìwé. Ọmọbìnrin tí wọ́n mú lọ máa bá ìyá rẹ̀ tajà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ojú-ewé rẹ́jísítà ló ti máa kọ́kọ́ hàn.

Ibi tó ti ń dùn mí ni ohun tó ń tẹ̀lé e. Iye ọmọ tí tíṣà ti kà sínú rẹ́jísítà yẹn, ó tún máa dà á kọ sórí pátákó tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Á tún kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù tó ń lọ sí SUBEB, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Ní ọdọọdún, fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń lò á tún dé, ó nípọn, wọ́n á béèrè iye ọmọ, ọjọ́ orí wọn, iye àga, iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bí òrùlé ṣe rí, iye ìwé kíkà. Àjọ aláàánú kan á wá, fọ́ọ̀mù tiwọn náà á yàtọ̀. Iye kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè, kò sì sí ẹni tó ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé ṣé o ti ní in lọ́wọ́.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà máa dín in kù. Ní ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa, ó lè dín in kù. Èyí tí mò ń rí báyìí ni pé tíṣà á kọ́kọ́ kún ti orí ìwé, torí wọ́n ní ìwé gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún àwọn alábẹ̀wò, lẹ́yìn náà á tún tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù ara rẹ̀, dátà tó fi owó ara rẹ̀ rà ló sì máa fi fi í ránṣẹ́. Ní ìlú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró, á jáde lọ wá ibi tó ga.

Àmì ìdánwò, àti ìparí táàmù

Kí ètò 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ìdánwò àṣekágbá ló ń pinnu ọ̀pọ̀ nǹkan fún ọmọ. Ètò tuntun yẹn mú kí wọ́n máa ṣírò iṣẹ́ ọmọ láti ìgbà dé ìgbà mọ́ ọn, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí C.A. Ohun tó dára ni. Ọmọ tí ibà mú lọ́jọ́ ìdánwò kò ní pàdánù gbogbo ọdún rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó gbé lé ọwọ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá jẹ́ 40, tí ẹ̀kọ́ jẹ́ 12, àmì C.A. 480 ni, àmì ìdánwò 480, àròpọ̀ méjèèjì 480. Nọ́ńbà 1,440 nìyẹn kó tó kan ìpíndọ́gba àti ipò.

Àbúrò mi obìnrin jẹ́ tíṣà ní ìlú kan ní agbègbè Ìkọ̀lé. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn táàmù, wọn kì í bá a sọ̀rọ̀ nílé. Ó tẹ́ broadsheet, ìwé ńlá onílà yẹn, sórí tábìlì oúnjẹ, ó fi àwo mẹ́rin tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí fáànù má bàa gbé e. Ọmọ rẹ̀ tó dàgbà jù ń pe àmì, òun ń kọ. Iná lọ, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Nígbà tó kan káàdì èsì, tó ní láti kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìwà àti iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́ tó bi ara rẹ̀ lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Kí ni mo tún fẹ́ kọ fún èyí báyìí?" Ó mọ ọmọ náà. Ó lè sọ ìtàn rẹ̀ fún yín láti àárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ aago ti lé ní mọ́kànlá, káàdì 23 ló kù, ó sì kọ ohun tó ti kọ fún àwọn tó ṣáájú: "Èsì dáadáa, tẹra mọ́ ọn."

Ẹ̀yin òbí tó máa ń rí ọ̀rọ̀ kan náà lórí káàdì ọmọ yín láti ọdún dé ọdún, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wúlò fún yín jù lọ lórí káàdì náà ni tíṣà kì í ráyè kọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn bákan náà, ẹ lè ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kàn ń ṣeré nínú ọgbà. Wọn ò tíì gba ìsinmi, àmọ́ ìkọ́ni ti parí, torí nọ́ńbà ni gbogbo tíṣà ń kó pọ̀.

Iṣẹ́ ẹlòmíràn pátápátá

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní girama ńlá kan láàárín Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́, ẹ lè rí akọ̀wé ọ́fíìsì, akápò, bóyá ọlọ́dẹ kan lẹ́nu géètì. Ẹ wá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ọ̀muò tàbí lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n. Tíṣà nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Òun ni akọ̀wé. Òun ni akápò. Òun ló ń di egbò ọmọ tó ṣubú, òun ló ń yanjú ìjà, òun ló ń ti ilẹ̀kùn kó tó lọ sílé. Bí ìjì bá ṣí páànù, òun àti ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n máa lọ bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyípo dúútì tún wà. Tíṣà tó bá wà lẹ́nu dúútì ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dé ṣáájú àwọn ọmọ. Ó dúró ti àwọn tó ń gbálẹ̀, ó bójú tó àwọn tó pẹ́ dé, ó darí àpéjọ àárọ̀, ó ń wo aago kí wọ́n lu agogo ní àkókò, ó ń ṣọ́ àwọn olóúnjẹ àti àwọn tó ń ra oúnjẹ lákòókò ìsinmi, ó sì dúró títí ọmọ tó kẹ́yìn fi lọ. Á wá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé dúútì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, píríọ́dù rẹ̀ ṣì wà lórí tímútébù, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àpéjọ bá jẹ píríọ́dù àkọ́kọ́ ọlọ́gójì ìṣẹ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú 200 ló ti lọ lọ́sẹ̀ kan.

Ìtọ́jú ọmọ lójú ọ̀nà pàápàá ń kan tíṣà. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan lọ́nà ní agbègbè Ẹmùré-Èkìtì, àwọn ọmọ nìkan kọ́ ni wọ́n kó lọ. Wọ́n kó àwọn tíṣà àti awakọ̀ mọ́ wọn, torí inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn jọ wà nígbà tí àwọn ọmọ ń padà sílé. Àwọn ọmọ àti àwọn tíṣà gba òmìnira lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a dúpẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ni iṣẹ́ àfikún tíṣà já mọ́, mo máa ń rántí wọn.

Owó gbígbà sì ni èyí tí àwọn tíṣà kórìíra jù nínú gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 2018, ní kété tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí padà sórí àlééfà, ó fọwọ́ sí àṣẹ tó fagi lé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba. Ìtura ńlá ni fún òbí, ìtura sì ni fún tíṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ti tíṣà yẹn kò hàn sí wa. Síbẹ̀, owó PTA, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, wà, owó ìdánwò wà, owó eré ìdárayá wà. Tíṣà kíláàsì ló ń kọ orúkọ ẹni tó san, òun ló ń tọ́jú owó náà sínú báàgì, òun ló ń ránṣẹ́ sí ẹni tí kò san. Bí kò bá pé nígbà tí wọ́n kà á, àpò rẹ̀ ló ti máa jáde. Ọmọ tí tíṣà dá padà sílé láàárọ̀ torí owó máa ń wo tíṣà yẹn ní ojú mìíràn lọ́sàn-án, nígbà tó bá ń kọ́ ọ. Ìyẹn nìkan tó láti gba iṣẹ́ owó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ni.

Iṣẹ́ tó ń ti òde wá

Nígbà tí ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta, 70 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́. Àwọn ìyá alásè ni wọ́n gbà láti sè é. Ẹni tó máa ka ọmọ, tó máa wò ó pé oúnjẹ dé lásìkò, tó máa pín in láìsí ìjà, tó sì máa jẹ́rìí lórí ìwé pé ó dé, wọn ò gba ẹnì kankan fún un. Tíṣà ti wà níbẹ̀, àbí?

Ìdìbò náà ń kàn wọ́n. Àwọn agùnbánirọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí INEC ń lò, àmọ́ inú ilé-ìwé ni wọ́n ti ń kó ohun èlò jọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń sùn mọ́jú. Àwọn tíṣà ní láti kó àga jáde, wọ́n sì ní láti kó o padà.

Ọ̀kan wà tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí, oògùn aràn ni. Nígbà tí wọ́n bá gbé oògùn aràn àti ti àtọ̀sí ajá (àrùn tó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀) wá sílé-ìwé, tíṣà ni wọ́n máa ń dá lẹ́kọ̀ọ́ láti pín in. Fún ti àtọ̀sí ajá, ọ̀pá ìwọ̀n kan wà tí ọmọ á dúró tì. Ibi tí gíga rẹ̀ bá dé lára ọ̀pá náà ló ń sọ iye hóró tó máa lò. Tíṣà á rí i pé ọmọ jẹun kó tó lò ó, á rí i pé ó gbé e mì, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè kẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ibòmíràn tí a ti lè rí ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ yìí yẹ ní ilé-ìwé. Ohun tí mo kàn ń béèrè ni pé kí wọ́n kà á sí ọjọ́ iṣẹ́ ìlera lórí kàlẹ́ńdà, kí wọ́n má ṣe bí ẹni pé àwọn píríọ́dù ọjọ́ yẹn ṣì wáyé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ tíṣà ni gbogbo rẹ̀ ń já lé?

Ìdí àkọ́kọ́ rọrùn láti lóye. Ní ìlú kékeré, ilé-ìwé ni ibi tí ìjọba ti lè rí ẹni tó mọ̀wé, tó ń gba owó oṣù, tó sì wà níbì kan náà lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ka nǹkan, tó fẹ́ pín nǹkan, tó fẹ́ kéde nǹkan, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yà sí.

Ìdí kejì ni pé iṣẹ́ náà kì í hàn nínú ìwé ìnáwó. Bí ìjọba bá gba akọ̀wé kan, owó oṣù rẹ̀ á hàn. Bí tíṣà bá ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, kò sí kọ́bọ̀ tó jáde. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sì ń rò pé fọ́ọ̀mù tòun kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ kò sí ọ́fíìsì kan tó rí gbogbo fọ́ọ̀mù náà pa pọ̀, àfi tíṣà.

Ìdí kẹta ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni wọn kì í sọ. Fọ́ọ̀mù tó bá pẹ́ á mú kúẹ́rì wá, ìyẹn ìwé tí ọ̀gá fi ń béèrè àlàyé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀. Owó tó bá dín á mú kúẹ́rì wá. Rẹ́jísítà tí kò bára mu, alábẹ̀wò á fi báírò pupa kọ nǹkan sí i. Ẹ̀kọ́ ìdá nínú ìṣirò tí kò yé ọmọ 40 kì í mú kúẹ́rì wá, torí kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọmọ ènìyàn ni tíṣà. Tí ohun méjì bá ń pè é, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló lè kó o sí wàhálà, èyí yẹn ló máa dáhùn. Torí náà, tíṣà tó ń pa ẹ̀kọ́ tì nítorí ìwé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

A rántí ọdún 2012 ní Èkìtì, nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣe ìdánwò fún àwọn tíṣà láti mọ ohun tí wọ́n mọ̀, tí àwọn tíṣà sì kọ̀ láti jókòó fún un. Ìjà yẹn le, àwọn ìdílé kan pín sí méjì lórí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè bóyá tíṣà mọ iṣẹ́ rẹ̀ tọ́ láti béèrè. Àmọ́ ìbéèrè kejì wà tí a kò tíì béèrè rí ní gbangba: ìṣẹ́jú mélòó nínú ọ̀sẹ̀ ni a ń fún un láti lo ohun tó mọ̀?

Kì í ṣe tiwa nìkan

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1966, àwọn àjọ àgbáyé UNESCO (ti ẹ̀kọ́) àti ILO (ti òṣìṣẹ́) fẹnu kò sórí ìwé kan nípa ipò tíṣà lágbàáyé, ọjọ́ yẹn náà la sì fi ń ṣe àyájọ́ tíṣà lọ́dọọdún. Nínú ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé kí ilé-ìwé ní òṣìṣẹ́ tó máa ṣe àwọn iṣẹ́ tí kì í ṣe ìkọ́ni, kí tíṣà lè gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé yẹn ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún.

Ní Japan, ìwádìí kan tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn ti gòkè, ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé wákàtí 56 ni tíṣà girama kékeré ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Nínú rẹ̀, wákàtí 18 péré ló fi ń kọ́ni. Ní ìpíndọ́gba àwọn orílẹ̀-èdè tó kópa nínú ìwádìí náà, iṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí wákàtí 38, ìkọ́ni jẹ́ 20. Ìyẹn ni pé tíṣà Japan ń ṣiṣẹ́ jù wọ́n lọ púpọ̀, ó sì ń kọ́ni dín sí wọn. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá lẹ́yìn ilé-ìwé àti iṣẹ́ ọ́fíìsì wà lára ohun tó gba ìyókù.

Íńdíà fi í sínú òfin. Abala 27 òfin ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ wọn ti ọdún 2009 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi tíṣà ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀kọ́, àfi ìkànìyàn ọlọ́dún mẹ́wàá, ìrànwọ́ nígbà àjálù, àti ìdìbò. Ẹ ó rí i pé àwọn iṣẹ́ tó tóbi jù ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ní Philippines, oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gba iṣẹ́ ọ́fíìsì kúrò lọ́wọ́ àwọn tíṣà ilé-ìwé ìjọba. Àṣẹ dára, àmọ́ ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tún rìn padà sọ́dọ̀ tíṣà láàárín táàmù kan.

Ohun tí òbí lè béèrè, àti ohun tó lè ṣe

Ní Èkìtì, SUBEB ló ni ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ olùkọ́, TSC, ló ni ti girama. Tíṣà kò lè bá wọn jiyàn bó ṣe wù ú, torí àwọn ló ń gbé e láti ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn. Òbí lè ṣe é. Ibi tó yẹ ká ti sọ ọ́ ni ìpàdé PTA, àti SBMC, ìgbìmọ̀ tí òbí, tíṣà àti àwọn àgbà ìlú jọ wà nínú rẹ̀. Dípò ká máa béèrè pé kí ló dé tí tíṣà kò sí ní kíláàsì, ẹ jẹ́ ká béèrè pé: ta ni akọ̀wé ilé-ìwé yìí? Ta ló ń gba owó? Fọ́ọ̀mù mélòó ló wọlé ní táàmù yìí, láti ọ̀dọ̀ ta ni? Kí ọ̀gá ilé-ìwé máa kọ wọ́n sínú ìwé kan, kí ó sì kà á sétí ìgbọ́ gbogbo wa. Iye yẹn ni a máa gbé lọ bá ìjọba.

Akọ̀wé kan kò pọn dandan fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ilé-ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó súnmọ́ra lè jọ ní ẹnì kan tó máa yí ká, kí ó máa kó iye ọmọ jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ọ́fíìsì tó bá béèrè. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún la ní. Kí ọ̀kan nínú wọn dán an wò ní táàmù méjì, ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Èyí tó wà lọ́wọ́ tiwa kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ yín bíi mẹ́ta lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, torí wọ́n máa tún béèrè rẹ̀. Ẹ san owó PTA sínú àkáǹtì ẹgbẹ́, kí ẹ fi ìwé ẹ̀rí fún akápò, kí ó má gba ọwọ́ tíṣà. Bí ọmọ kò bá ní lè wá, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́jọ, kí tíṣà má bàa máa wá a kiri. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí tíṣà, ẹ dé lẹ́yìn aago méjì, tàbí lákòókò ìsinmi. Ní aago mẹ́wàá, àwọn ọmọ ni wọ́n ni ín.